Ìrẹsì Díndín Ẹlẹ́ja: Ohun Tí Iná Lè Ṣe Àti Ohun Tí Kò Lè Ṣe

Lẹ́yìn ètò tí a ṣe lórí bí fíríjì ṣe ń ṣiṣẹ́, mo rò pé ìbéèrè nípa mọ́tò àti gáàsì inú rẹ̀ ni ẹ máa fi ránṣẹ́. Rárá o, ìrẹsì ni gbogbo yín ń béèrè. Ẹnì kan láti Toronto ní ṣé òótọ́ ni pé ìrẹsì àná lè gbé èèyàn dé ọsibítù. Ẹlòmíràn ní Houston fẹ́ mọ ìdí tí ìrẹsì díndín tòun fi máa ń lẹ̀ mọ́ra bíi mọ́ínmọ́ín nígbà tí ti àwọn ará Ṣáínà ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá kan ní London sì ní òun ti fi ẹja rọ́pò ẹ̀dọ̀ màlúù nínú fried rice torí pé ọkọ òun ò jẹ ẹran mọ́, àmọ́ ẹja náà ń fọ́ wẹ́wẹ́ sínú ìrẹsì bíi gàrí.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, èmi kì í ṣe dókítà, n kì í sì í ṣe alásè òde. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ibì kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, mo sì ń se oúnjẹ yìí nílé mi ní Leeds ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìdáná.

Ẹ̀kọ tútù ló mọ àṣírí ìrẹsì

Èyí tó pọ̀ jù nínú hóró ìrẹsì, sítáàṣì ni. Oríṣi méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ amylose: ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ. Èkejì ń jẹ́ amylopectin: ó ya ẹ̀ka káàkiri bí igi. Nígbà tí ìrẹsì wà ní gbígbẹ, àwọn méjèèjì dì mọ́ra wọn pinpin. Tí omi bá kàn wọ́n, tí ìgbóná sì dé nǹkan bíi 65°C sí 80°C, ìdì náà á tú, omi á wọlé, hóró á wú, sítáàṣì á sì di nǹkan tó ń fà.

Ẹni tó bá ti ro ògì rí ti rí i lójú ara rẹ̀. Ẹ ń rò ó lórí iná, ó ń ṣàn bí omi. Lójijì ni yóò ki mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ wá pọ́n ọn sínú ewé, ẹ jẹ́ kó tutù. Ó di ẹ̀kọ tó dúró ṣánṣán, tí ẹ lè fi ọ̀bẹ gé. Kò sí ohun tí ẹ fi kún un, àbí? Kí ló wá mú un le? Àwọn amylose gígùn yẹn ló tún wá ara wọn rí bó ṣe ń tutù, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì di ara wọn mú. Retrogradation ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Èmi ń pè é ní "dída ẹ̀kọ". Ohun náà ló ń mú kí búrẹ́dì le lọ́jọ́ kejì, kí àmàlà àná sì dà bí òkúta. Ó sì máa ń yá jù ní ìwọ̀n ìtútù inú fíríjì. Ìdí nìyẹn tí búrẹ́dì inú fíríjì fi ń tètè le ju èyí tó wà lórí tábìlì lọ.

Ìrẹsì tó ti da ẹ̀kọ máa ń le lára, hóró kọ̀ọ̀kan á dá dúró, súpúnù á sì kọjá láàárín wọn láì fọ́ wọn. Ìdí tí àwọn ará Ṣáínà fi fẹ́ràn ìrẹsì àná fún dídín nìyẹn, torí pé ọ̀pọ̀ ìrẹsì tí wọ́n ń lò kò ní amylose púpọ̀, ó máa ń lẹ̀ nígbà tó bá gbóná.

Tiwa yàtọ̀. Ìrẹsì tí wọ́n kọ "parboiled" sára àpò rẹ̀ ti rí iná kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Wọ́n rẹ ẹ́ sómi pẹ̀lú èèpo rẹ̀, wọ́n fi ooru omi sè é, wọ́n sá a gbẹ, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó bó o. Ó ti da ẹ̀kọ lẹ́ẹ̀kan nínú èèpo. Ìyẹn ló jẹ́ kó pọ́n díẹ̀, kó má tètè lẹ̀, kí díẹ̀ nínú fítámì B1 tó wà lára èèpo sì wọ inú hóró lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ "ìrẹsì àná ni dandan" tí ẹ ń gbọ́ lórí YouTube, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń lo jasmine. Ìrẹsì òní tó fún yín.

Ohun tó ṣe pàtàkì ni omi tó wà lára hóró. Mo máa ń bọ ìrẹsì nínú omi púpọ̀ tó ń hó, títí tí àárín hóró yóò fi ku díẹ̀ kó rọ̀. Mo á dà á sínú asẹ́, mo á tẹ́ ẹ sórí tírè ńlá kó má nípọn ju ìka kan lọ, mo á sì ṣí fèrèsé. Omi ara rẹ̀ á fò lọ pẹ̀lú ooru láàárín ogún ìṣẹ́jú. Tí àyè bá wà, mo á gbé tírè náà sínú fíríjì fún wákàtí kan. Ó tán.

Kòkòrò tí omi híhó kì í pa

Ẹ sún mọ́bí, torí ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Bakitéríà kan wà tó ń gbé inú ilẹ̀, Bacillus cereus lorúkọ rẹ̀. Ó máa ń bá ìrẹsì láti oko dé inú àpò. Kì í ṣe pé ẹnì kan dọ̀tí. Tí nǹkan bá le fún un, ó máa ń sọ ara rẹ̀ di hóró kékeré tó ní èèpo líle, tí wọ́n ń pè ní sípóòrù. Ẹ rántí bí àgbẹ̀ ṣe ń sun oko lẹ́ẹ̀rùn. Koríko jó, ilẹ̀ dúdú, èèyàn á rò pé ó parí. Òjò àkọ́rọ̀ kan péré, koríko ti tún yọrí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Omi híhó ń pa bakitéríà tó jí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ sípóòrù á là á já. Kódà, ooru yẹn lè jí wọn lójú oorun.

Bí ìrẹsì bá ti wá ń tutù, tó sọ̀kalẹ̀ kúrò ní 60°C, òjò ti rọ̀ fún wọn nìyẹn. Oúnjẹ wà, omi wà, ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n á hù, wọ́n á máa pín sí méjì méjì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí àwa oníkọ̀ǹpútà ṣe ń ṣírò. Ká ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń di ìlọ́po méjì. Wákàtí mẹ́fà jẹ́ ìpín méjìlá, ìyẹn ìlọ́po 4,096. Bí 100 péré bá wà nínú gíráàmù ìrẹsì kan nígbà tí àríyá bẹ̀rẹ̀, nígbà tí DJ bá fi ń ká wáyà rẹ̀, wọ́n á ti lé ní 400,000. Iye tó ń sọ èèyàn di aláìsàn ti wọlé dé nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i, àwọn kan nínú wọn máa ń tu májèlé kan tó ń jẹ́ cereulide sínú oúnjẹ. Ẹ fi ìlà sábẹ́ èyí: iná ilé ìdáná ò lè ba májèlé yẹn jẹ́. Gáàsì ò lè bà á jẹ́, máíkírówéfù ò lè bà á jẹ́, òróró gbígbóná náà ò lè bà á jẹ́. Ẹ lè dín ìrẹsì yẹn títí tí yóò fi jó. Ẹ ti pa bakitéríà lóòótọ́, ṣùgbọ́n májèlé tó ti tú sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí. Lédè iṣẹ́ tiwa, ẹ ti lé olè jáde, àmọ́ password ti bá a lọ.

Láti 1971 ni àwọn dókítà Ìlú Ọba ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kan jẹ ìrẹsì díndín ní ilé oúnjẹ Ṣáínà, wọ́n sì ń bì. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé wọ́n máa ń se ìrẹsì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ níta fíríjì kó lè gbẹ, wọ́n á wá yára yí i nínú òróró tí oníbàárà bá dé. Èébì yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà. Oríṣi kejì tún wà tó jẹ́ inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru, ìyẹn máa ń pẹ́ tó wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́rìndínlógún kó tó dé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ara wọn ń yá láàárín ọjọ́ kan. Àmọ́ àwọn mélòó kan wà, ọmọdé àti ọ̀dọ́ nínú wọn, tí májèlé náà ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́, tó sì já sí ikú.

Ọ̀rọ̀ "mo ti gbóòórùn rẹ̀, kò tíì kan" ò ràn wá lọ́wọ́ níbí. Ìrẹsì tó ti ní cereulide lè máa ta sánsán, kó sì dùn bíi ti àárọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ òótọ́ fún ara wa nípa òde wa. Alásè ti se ìrẹsì láàárọ̀, ó ti kó o sínú kúlà. Ìwé ìpè ní aago méjì, àlejò dé ní aago márùn-ún. Wọ́n bu oúnjẹ ní aago méje, wọ́n ṣí kúlà, wọ́n pa á dé, wọ́n tún ṣí i. Ní aago mọ́kànlá, ẹ̀gbọ́n kan á di ìyókù sínú nọ́ílọ̀nù fún yín, ó di orí tábìlì nílé, ó di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kúlà fún kò ju kó má jẹ́ kí ooru kọjá lọ. Kò lè dá ooru tuntun. Tí ìrẹsì bá wọ inú rẹ̀ ní gbígbóná janjan, tí ẹ ò sì ṣí i, ó lè wà lókè 60°C fún wákàtí mélòó kan, kò séwu. Ṣùgbọ́n tó bá ti já sí 40°C, kúlà yẹn náà ni kò ní jẹ́ kó tutù mọ́. Ó ti di ibùsùn fún bakitéríà. N ò ní kí ẹ má jẹ ìrẹsì òde o. Kí ẹ jẹ ẹ́ níbẹ̀ nígbà tó ń ru èéfín, kí ẹ sì fi ti inú nọ́ílọ̀nù sílẹ̀. Ìyá àgbà á bínú, ẹ fara mọ́ ọn.

Nílé, àjọ Food Standards Agency tó ń mójú tó oúnjẹ nílẹ̀ England, Wales àti Northern Ireland ní kí a mú ìrẹsì tutù kíákíá, láàárín wákàtí kan tó bá ṣeé ṣe, kó má lò ju ọjọ́ kan lọ nínú fíríjì, ká sì gbé e kaná lẹ́ẹ̀kan péré, kó gbóná dénú. Ìdí tí tírè fi dára ju ìkòkò lọ ni pé bí oúnjẹ bá nípọn sí i ní ìlọ́po mẹ́rin, àkókò tó máa fi tutù dé àárín á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Ìkòkò ìrẹsì odidi tí ẹ gbé sínú fíríjì lálẹ́, àárín rẹ̀ ṣì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí ẹ bá ń lọ síbi iṣẹ́.

Ẹja náà ní tirẹ̀

Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á pé ẹja wa ní ìtàn tó jọ ti ìrẹsì yìí. Titus ló máa ń wà nínú fírísà ọ̀pọ̀ nínú wa, ìyẹn mackerel. Ó dùn, ó lọ́ràá, kò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹran ara rẹ̀, àti ti tuna àti sàdíìnì, kún fún èròjà kan tó ń jẹ́ histidine. Tí irú ẹja bẹ́ẹ̀ bá kú tán tí kò sí nínú yìnyín, bakitéríà á máa sọ histidine rẹ̀ di histamine. Histamine yìí kan náà ni ara ẹni tí ẹ̀pà ò bá lára mu ń tú jáde tó bá jẹ ẹ̀pà. Ẹni tó jẹ ẹja yẹn, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí mélòó kan, ojú rẹ̀ á gbóná, ara á máa yún un, orí á fọ́ ọ, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì. Ìwé àwọn òyìnbó ní ojú á pọ́n; lára àwa aláwọ̀ dúdú, ẹ lè má rí pípọ́n kankan, ooru àti yíyún ni kí ẹ ṣọ́. Ẹlòmíràn á pinnu pé ẹja ò bá òun lára mu mọ́ láyé, bẹ́ẹ̀ ẹja yẹn nìkan ló ti lo ọjọ́ rẹ̀ níbi tó gbóná.

Ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ: iná ò lè ba histamine jẹ́. Yìnyín ò lè bà á jẹ́, èéfín tí a fi ń yan ẹja náà ò lè bà á jẹ́. Kí ó má wáyé rárá nìkan ló wà. Nítorí náà, àṣà kí a gbé Titus dídì sínú sínkì ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ká wá ti ibi iṣẹ́ dé bá a ní mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú rẹ̀. Ara ẹja á ti yọ́, á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì ń di. Ẹ gbé e sórí àwo nínú fíríjì láti alẹ́. Tí ẹ bá ń kánjú, ẹ di í sínú nọ́ílọ̀nù tí omi ò lè wọ̀, ẹ rì í sínú omi tútù, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà ní ọgbọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Panla, cod àti tilapia kò ní histidine púpọ̀, wọn kì í sábà fa àìsàn yìí, àmọ́ inú òtútù náà ni ààyè wọn.

Ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn ìyá wa fi ń fọ ẹja ńkọ́? Iṣẹ́ gidi ló ń ṣe. Òórùn ẹja òkun máa ń wá láti ara trimethylamine, tí bakitéríà ń ṣe lẹ́yìn tí ẹja bá kú. Omi kíkan inú ọsàn máa ń yí i padà sí oríṣi tí kò lè fò sínú afẹ́fẹ́, imú ò sì ní gbọ́ ọ mọ́. Ẹja àrọ̀ tó ń rùn bí ẹrẹ̀, èròjà míràn ni tirẹ̀, geosmin, omi kíkan sì tún ń ba ìyẹn jẹ́. Àwọn ìyá wa mọ kẹ́mísìrì. Ṣùgbọ́n ọsàn ò kan histamine, histamine ò sì ní òórùn. Ẹja tí ẹ ń fi ọsàn bo òórùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ torí pé ó ti pẹ́ níta, ààtàn ni kó lọ.

Ní ti ẹja tó ń fọ́: ẹran màlúù ní iṣan gígùn tí awọ tó yi dì pọ̀. Iṣan ẹja kúrú, ó tò ní ìpele ìpele, awọ tín-ín-rín ló sì so ìpele kan mọ́ èkejì. Awọ yẹn máa ń yọ́ ní ìgbóná tí kò tó ti màlúù rárá. Ẹja tó bá ti jinná, ó ti ṣe tán láti tú ká. Ẹ wá kó o sínú ìrẹsì kí ẹ máa rò ó, kí ló fẹ́ ṣe tí kò ní fọ́? Mo máa ń gé e sí wẹ́wẹ́ tó nípọn, mo á fi iyọ̀ pa á fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí omi ara rẹ̀ jáde, mo á wá fi bébà ìnuwọ́ nù ún gbẹ. Ara gbígbẹ ni kì í jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ páànù. Nínú òróró tó ti gbóná dáadáa, ẹ má fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Tí awọ rẹ̀ bá ti gan, á fúnra rẹ̀ fi páànù sílẹ̀. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò gbọdọ̀ padà sórí iná títí ẹ ó fi ṣe tán.

Ìṣírò iná

Iná tí mo ń lò nílé jẹ́ kìlówáàtì 2. Ká ní ìdajì rẹ̀ ló wọ inú oúnjẹ, ìyẹn joule 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti sọ gíráàmù omi kan tó ń hó di ooru ń gba nǹkan bíi joule 2,260. Tí ìrẹsì yín bá gbé gíráàmù omi 100 sára, ìyẹn joule 226,000: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ní gbogbo àkókò yẹn, ibi tí omi wà ò lè gbóná ju 100°C lọ, bẹ́ẹ̀ adùn dídín àti àwọ̀ rẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bíi 140°C. Ẹ rò pé ẹ ń dín in. Ẹ tún ń bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì ni, sítáàṣì sì tún ń fà. Iná ilé oúnjẹ Ṣáínà lè ju ìlọ́po mẹ́wàá tiwa lọ, ìyẹn ni wọ́n fi ń rí i ṣe. Tiwa ni pé kí ìrẹsì gbẹ, kó sì kéré nínú páànù. Ago méjì lẹ́ẹ̀kan ni mo máa ń dín, mo á dà á kúrò, mo á da òmíràn. Ó gba àkókò, ẹ̀rọ èéfín tó wà ní òrùlé sì lè pariwo, ẹ ṣí fèrèsé.

Kọ́rì àti táìmù, inú òróró ni kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀, kì í ṣe inú omi tí ẹ fi ń bọ ìrẹsì. Ohun tó ń pọ́n nínú kọ́rì kì í tú sínú omi dáadáa; òróró ló ń gbé e, òróró náà ló sì ń gbé òórùn dídùn táìmù. Alùbọ́sà àti ata kọ́kọ́ wọlé, kọ́rì tẹ̀ lé e fún bí ìdajì ìṣẹ́jú kó má jó, ìrẹsì, iyọ̀. Kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀wà tútù tí ẹ gé wẹ́wẹ́, ẹ ti yí wọn lọ́tọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Omi púpọ̀ ló wà nínú wọn, tí wọ́n bá sì pẹ́ lórí iná, àwọ̀ ewé wọn á di ti ewé tó rọ. Ẹ pa iná. Ìgbà yìí ni ẹja tó padà wá: ẹ tò ó sórí ìrẹsì, ẹ fi súpúnù gbé ìrẹsì láti ìsàlẹ̀ bò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi alùbọ́sà eléwé sí i, ẹ bù ú.

Tí ó bá ṣẹ́kù, ẹ tẹ́ ẹ fẹ̀ẹ̀rẹ̀ sínú ike pẹlẹbẹ, ẹ gbé e sí fíríjì kí ẹ tó fọ abọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ wọ́n omi bíi ṣíbí méjì sí i, ẹ dé e, kí ẹ fi sínú máíkírówéfù títí tí yóò fi máa ru èéfín, kí ẹ ro ó láàárín. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ tó dà á yọ́, hóró á tún rọ̀. Àwọn kan ń sọ pé ìrẹsì tó ti tutù báyìí wo àtọ̀gbẹ sàn; irọ́ ni. Lóòótọ́, díẹ̀ nínú sítáàṣì rẹ̀ kì í tètè dà mọ́, àmọ́ kò tó ohun tí ẹ fi máa bu àwo kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa ẹja yíyan àti bóyá ó yẹ kó wà nínú fíríjì, ìdáhùn yín wà nínú ètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.